Omi Yìí Kò Dọ̀tí

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ tó parí sí ijó àti ẹ̀rín, kó pa ìwé yìí dé, kó wá òmíràn. Tèmi kò parí síbẹ̀. Àmọ́ bí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ ba ohun tí o fẹ́ràn jù láyé jẹ́ rí, tó sì jẹ́ pé ibi tí o ti fẹ́ ṣe é lóore lo ti bà á jẹ́, sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ni ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ fíríìjì ni mo ń ṣe. Fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan tutù, tó bá ti dákẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí láti yunifásítì pé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá kan tutù ní ìsàlẹ̀ ilé ìwádìí ti kọṣẹ́. Mo rò pé oògùn ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé, sìmẹ́ǹtì ni mo bá: bíríkì sìmẹ́ǹtì kéékèèké tí kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lọ, wọ́n tò wọ́n sínú táǹkì omi. Obìnrin kan sì dúró tì wọ́n, ó ń fi aṣọ tútù nu ara táǹkì náà bí ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti kúrò ní ogún dígírì,” ló wí, kò tiẹ̀ kí mi. “Ó ti di mẹ́rìnlélógún!”

“Ẹ káàárọ̀ náà, mà,” ni mo fi dá a lóhùn.

Ojú tì í. “Ẹ máà bínú. Ẹ káàárọ̀, sà. Ogún ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà ni.”

“Sìmẹ́ǹtì? Sìmẹ́ǹtì ilé ìyá mi rèé, oòrùn ti ń pa á kí wọ́n tó bí mi, kò sẹ́ni tó tan amúlétutù fún un rí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Iṣẹ́ wákàtí kan ni iṣẹ́ náà. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ ni mò ń béèrè ọ̀rọ̀, bó ṣe ń dáhùn ni mò ń dọ́gbọ́n wá nǹkan mìíràn tí màá tú.

“Pàǹtí kan wà,” ló sọ fún mi, “tó ń jáde láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná. Kò ní òórùn, ojú ò sì rí oró inú rẹ̀, àmọ́ oró yẹn á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ọmọ wa bá ti kú tán. Wọn ò lè jó o, wọn ò lè dà á sódò. Wọ́n á pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n á dì í pa sínú àgbá irin, kó má bàa jò jáde. Ìbéèrè tèmi ni pé, sìmẹ́ǹtì náà ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?”

“Irú pàǹtí yẹn ló wà nínú ìwọ̀nyí?” Mo ti sún sẹ́yìn.

“Rárá o. Iyọ̀ kan tó fìwà jọ ọ́ ni mo pò mọ́ ọn. Kò lè pa èèrà.”

Ó ní òun lú ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó máa ń kù sílẹ̀ bí wọ́n bá yọ́ irin, mọ́ sìmẹ́ǹtì náà, ó sì dá òun lójú pé yóò pẹ́ ju èyí tí àwọn tó ń tọ́jú pàǹtí ń lò lọ. Bíríkì mẹ́rìnlélógún ni, ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ọdún méjì ni wọ́n máa lò nínú omi yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọn yóò kó wọn sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀, wọn yóò tẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ agbára tó kù lára wọn. Òun ni yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mo wò ó pé ẹni tó lè fi ọdún méjì dúró de bíríkì, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ràn èèyàn, ẹni tó fẹ́ràn náà ti ríre.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le koko di ohun tí mò ń bẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sọ mí ní Ọ̀gbẹ́ni Tútù. Mo sọ ọ́ ní Oní-sìmẹ́ǹtì. A jọ máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìwádìí ní ọ̀sán, a ó máa mu tíì látinú fúláásìkì rẹ̀, ìdérí fúláásìkì kan náà la fi ń mu ún.

“Oní-sìmẹ́ǹtì,” ni mo sọ lọ́jọ́ kan, nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, “kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹ̀rọ yín o.”

“Mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò lé mi?”

“Ta ló ń lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?” Ó wo inú tíì rẹ̀ títí, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. “Má pè mí ní ‘ẹ̀yin’ mọ́.”

Ẹ ò rí i, àwọn mìíràn máa ń kọ lẹ́tà, wọ́n máa ń kúnlẹ̀. Tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ló fi gbà fún mi. Mo pè é ní “ìwọ” lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

Àmọ́ bàbá wà nílé. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, òun nìkan ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, bírò pupa kì í sì í kúrò ní àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ fojú hàn, kò ní kí n jókòó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ló fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi nídìí.

“Kí lo kà?” ni bàbá bi mí.

“Mo parí ìwé girama, sà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ṣẹ́.”

“Ọmọ mi fẹ́ di ọ̀mọ̀wé. Tí ẹ bá jọ wà nínú ilé, kí ni ẹ ó máa bá ara yín sọ?”

“Tí ilé bá gbóná, sà, a ò ní ṣàìrí nǹkan sọ.”

Àǹtí Aránṣọ rẹ́rìn-ín débi tó fi gbá itan. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni mo ti ń wò ó. Ọkùnrin ló máa ń ba ìwé obìnrin jẹ́. Mo fi ọdún márùndínlógójì wò ó nínú kíláàsì, mi ò ní í jókòó wò ó nínú ilé mi. Ó dàbọ̀.”

Báyìí ni Àǹtí Aránṣọ ṣe di alárinà wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, á máa sọ̀rọ̀ láàárín eyín. “Ẹ̀gbọ́n mi le bí òkúta, àmọ́ èmi ni mo bá a dàgbà, mo mọ ibi tó ti sán. Ìwọ ṣáà ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ọdún kan àti ààbọ̀ la fi fẹ̀sọ̀ mú un. Oní-sìmẹ́ǹtì á sunkún sí mi léjìká lónìí, á ní òun ò lè ṣe ohun tí bàbá òun ò fọwọ́ sí. Tó bá di ọ̀la, á ní òun ò lè fi mí sílẹ̀. Èmi náà á délé, màá bi ara mi pé kí ni mò ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó jù mí lọ. Tó bá di ọjọ́ ìbẹ̀wò, màá tún gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

Nígbà tó ku oṣù méjì àti ààbọ̀ kí ọdún méjì àwọn bíríkì pé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kàwé fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àǹtí Aránṣọ sáré wá bá wa. “Àsìkò tó! Ẹni tí kò lè kàwé, á gbọ́rọ̀. Ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ jókòó tì í tọ̀sán tòru, kí o máa ka ìwé ìròyìn fún un lójoojúmọ́. Tó o bá ti kà á tán, kí o ki ọ̀rọ̀ ara rẹ bọ̀ ọ́.”

Oní-sìmẹ́ǹtì kò lè fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, nítorí ẹ̀rọ náà ti darúgbó, ó sì ti ń kọṣẹ́ lóòótọ́ báyìí. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

“Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ṣí ìdérí táǹkì, wo tẹmómítà tó wà nínú omi, kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé yìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọ̀gbẹ́ni Tútù.”

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ṣe bó ṣe wí. Ní ọjọ́ kẹta, mo tẹjú mọ́ omi náà dáadáa. Ó funfun bí omi ògì. Nǹkan kan dì sójú rẹ̀ bí awọ, ìyẹ̀fun funfun rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, èépá funfun sì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo bíríkì lára. Lójú oníṣẹ́ fíríìjì, ẹ gbọ́ mi, èépá funfun ni ọ̀tá. Òun ló ń di páìpù, òun ló ń pa ẹ̀rọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi máa ń nà mí nítorí rẹ̀. Ásíìdì la fi ń fọ̀ ọ́, ìgò rẹ̀ kì í sì í kúrò nínú àpò mi.

Mo ro obìnrin tí mo fẹ́ràn, tó ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀ nítorí mi. Mo ní kí ló burú tó bá dé tó bá ilé ní mímọ́? Mo kó àwọn bíríkì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rẹ wọ́n sínú omi ásíìdì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n ń hó ṣùù. Inú mi ń dùn bí wọ́n ṣe ń hó, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha èépá tó kù, mo ṣan wọ́n, mo fọ táǹkì, mo pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara sí i. Mo tò wọ́n padà, ọ̀kan dé mẹ́rìnlélógún. Mo tiẹ̀ ń kọrin. Nígbà tí omi tutù dé ogún, mo kọ ọ́ sínú ìwé: ogún.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, omi yẹn ti tún funfun, awọ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì sójú rẹ̀. Ojú tì mí. Iṣẹ́ tí kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan, kí ni èèyàn fẹ́ fi í yangàn? Mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí Oní-sìmẹ́ǹtì dé, tó ṣí ìdérí, omi funfun tó fi sílẹ̀ náà ló bá, kò sì fura sí nǹkan kan.

Òun fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ ráyè fura. Ó sáré wọlé, ó dì mọ́ mi níwájú táǹkì.

“Ó gbà! Bàbá mi gbà!”

“Ó gbà báwo?”

“Ó ní kí n kọ́kọ́ parí ìwé mi. Ó sì mú kí n ṣèlérí. Ó ní, ‘Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí bá ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, ọjọ́ náà ni kí o fi í sílẹ̀. Ṣèlérí fún mi.’ Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, ‘Ẹ̀yin bàbá yìí, kí ni oní-fíríìjì fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe?’ Mo sì ṣèlérí.”

A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn títí di òní.

Ọjọ́ tí ọdún méjì pé, ó ní kí n wá wòran. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Oní-sìmẹ́ǹtì gbé bíríkì kìn-ín-ní sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọjá ọgọ́ta, bó ṣe sọ fún mi. Nọ́ńbà ń gòkè: ogún, ọgbọ̀n, ogójì. Ó dé méjìlélógójì, bíríkì náà fọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ìkejì kò dé ogójì. Ìkẹta kò dé ogójì. Nígbà tó fi máa dé ìkẹwàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń bá a gbé ìyókù. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó dé àádọ́ta.

“Èsì ni èsì,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, kò sì fi ìkà sọ ọ́. “Ẹni tó fi hàn pé nǹkan kan kò lágbára náà ti ṣe ìwádìí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oyè rẹ kò ní bọ́.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àfọ́kù. “Ọdún méjì kí n tó pò ó, ọdún méjì nínú omi,” ló ń sọ. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi gba irọ́ gbọ́.” Èmi ni mo di í mú. Èmi, ẹ fojú inú wò ó, èmi ni mo nu omijé rẹ̀ nù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà. Bàbá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, Àǹtí Aránṣọ gé aṣọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń ka ohun tó kọ sí mi létí kí n lè bá a gbọ́ bó bá ṣe ń dún. Mò ń tú ẹ̀rọ kan lọ́wọ́.

“‘A kó wọn sínú omi ẹfun,’” ló kà, “‘ìyẹn omi tí a po ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú sìmẹ́ǹtì gan-an mọ́, torí omi lásán a máa fa ẹfun ara sìmẹ́ǹtì jáde, a sì máa gba agbára rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, a kò pààrọ̀ omi náà, ásíìdì kankan kò sì dé ibẹ̀.’”

Ọwọ́ mi dúró. “Kí ló kan ásíìdì níbẹ̀?”

“Òun ló ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Ká ní mi ò mọ ibi tí àwọn bíríkì yẹn ti wá ni, màá búra pé ásíìdì ló jẹ wọ́n. Àmọ́ báwo ni ásíìdì ṣe máa dé yàrá yẹn?”

Ìgò ásíìdì wà lórí pẹpẹ, lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an. Mo wo ìgò, mo wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ sórí ìwé. Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, “Ṣé kí n bu tíì fún ọ?”

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi bu tíì fún un.

Mo bá ara mi rojọ́ títí ẹnu mi bó nínú. Tí mo bá dákẹ́, ó gba oyè, a ṣègbéyàwó, ó di tèmi. Tí mo bá sọ ọ́, ìwé náà bàjẹ́, ìlérí tó ṣe fún bàbá rẹ̀ sì dúró. Ta lọ́rọ̀ náà pa lára? Sìmẹ́ǹtì? Mo ní tí a bá bímọ mẹ́ta tán, màá sọ ọ́, a ó sì fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ní ogún ọdún ìgbéyàwó kò kéré, kí òtítọ́ máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ohun méjì ló gba ìsinmi lọ́wọ́ mi. Èkíní, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pàǹtí yẹn: wọ́n ti gbọ́ èsì rẹ̀, wọn ò ní lo ìdàrọ́ mọ́, ti àtijọ́ ni wọ́n á máa lò lọ. “Ó kéré tán, mo gbà wọ́n lọ́wọ́ sìmẹ́ǹtì burúkú,” ló wí. Sìmẹ́ǹtì burúkú! Sìmẹ́ǹtì tó dára jù lọ ni wọ́n ń sọ nù yẹn, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Èkejì ló dùn mí jù. Ó ń wọ aṣọ ìgbéyàwó wò ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Aránṣọ. Ó dúró níwájú dígí, ó ní, “Àǹtí, lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ̀yin ni màá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ọwọ́ mi ò dára fún sìmẹ́ǹtì.” Àǹtí Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo rí ojú rẹ̀ nínú dígí. Kì í ṣe àwàdà. Obìnrin tó ń fi aṣọ tútù nu táǹkì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé ló máa fi ìwé náà lé yunifásítì lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá a ní yàrá tútù. Ó ń kó àfọ́kù bíríkì sínú páálí.

“Sìmẹ́ǹtì rẹ dára,” ni mo wí.

“Má tù mí nínú, jọ̀ọ́.”

“Mi ò tù ọ́ nínú. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí èépá dórí omi ẹ̀rọ. Ó ń gbọ́, àfọ́kù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó dára?”

“Ó dára.”

“Mi ò ṣìṣe nígbà náà. Mi ò ṣìṣe!” Ó gbé àfọ́kù náà mọ́ àyà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, mo rò pé orí ti kó mi yọ. Ẹ̀rín náà wá dúró.

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ọjọ́ tí o kà á sí mi létí.”

Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á. “Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.”

“Mo bẹ̀rù kí n má pàdánù rẹ ni.”

“Mo mọ̀.” Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló burú jù. “Ásíìdì yẹn, mo lè gbójú fò ó. O ò mọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mi ò ṣàlàyé fún ọ. Àmọ́ ò ń wò mí, mò ń gégùn-ún fún ọwọ́ ara mi, o sì ń bu tíì fún mi. Ká ní o ò rí mi bí mo ṣe ń kú lọ ni, màá ní o ò mọ̀. O rí mi.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí n dìde. Ó na ọwọ́, ó ní, “Kọ́kọ́rọ́ mi.”

Kò sá fún bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún un. Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ kejì. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, bírò pupa rẹ̀ wà nínú àpò.

“Ọjọ́ mẹ́wàá tí mi ò lè ríran,” ló wí, “ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ ló sì ń sọ ṣáá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ. Mo gbàdúrà pé kí n ti ṣi ọ́ rò.” Ó mi orí, ó sì lọ. Ì bá san kó gbá mi létí.

Àǹtí Aránṣọ jẹ́ iṣẹ́ alárinà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló wá, kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí àwàdà. “Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti dárí jì ọ́.”

“Ṣé kí n máa bọ̀ nígbà náà, Àǹtí?”

“Rárá, ọmọ mi.” Ó jókòó tì mí. “Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun dárí jì ọ́, àmọ́ òun ò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ mọ́ láé, òun á máa wò ọ́ ni. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.”

Ìlú kan náà la jọ wà. Ó po sìmẹ́ǹtì tuntun, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọdún méjì láti ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n sì gba oníṣẹ́ fíríìjì mìíràn. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní òdì kejì títì, ó gbé fúláásìkì dání. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kan títí ó fi kọjá lọ. Ìgbà wo ni mo di ẹni tó ń sá fún un?

Ó di ọdún mẹ́rin kí yunifásítì tó tún pè mí. Oníṣẹ́ fíríìjì wọn ti kó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn. Yàrá náà ṣì tutù bíi ti àtijọ́. Mo tún ẹ̀rọ ṣe láàárín wákàtí kan. Kò sí ìdí fún mi láti pẹ́.

“Sìmẹ́ǹtì Dókítà tó lo yàrá yìí ṣáájú mi ni mò ń bá lọ,” ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wí. “Tó fi ìdàrọ́ ṣe. Ó kọjá ọgọ́ta dáadáa o! Àwọn tó ń tọ́jú pàǹtí ti gbà á. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti ọkọ rẹ̀ wá wò wá, ọkọ rẹ̀ ló bá wa gbé táǹkì kejì yìí wọlé. Èèyàn dáadáa ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni mo wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi sínú àpò.

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wo tẹmómítà inú omi kí n tó lọ. Mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ìdérí rẹ̀, wọ́n fi nǹkan dídán bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ó kọ ọ́ ní gàdàgbà: OMI YÌÍ KÒ DỌ̀TÍ. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́. Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ MI.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rí i pé mò ń kà á, ó rẹ́rìn-ín. “Dókítà ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ láé. Mo ní ta ló máa wá fọ omi? Ta ló tiẹ̀ máa rò pé omi tí wọ́n fi ẹfun sí dọ̀tí?”

Mo ṣí ìdérí. Omi náà funfun bí omi ògì, awọ tínínrín dì sójú rẹ̀. Mo rọra wo tẹmómítà, ọwọ́ mi ò kan omi.

“Àwọn kan máa ń rò bẹ́ẹ̀,” ni mo dá a lóhùn. “Ogún ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo dé ìdérí padà, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo sì bọ́ síta.